Ìgbà Abẹ àti Ìgbà Sùúrù: Ìtàn Kókó Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀

1. Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan nínú yín nígbà tí wọ́n rí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí. Àwa òpìtàn mọ ìtàn ọba àti ti ogun. A mọ ìtàn òwò àti ti ìṣíkiri. Ṣùgbọ́n kí ni ti òpìtàn nínú ọ̀rọ̀ ìka ẹsẹ̀? Èsì mi ni pé ẹsẹ̀ ni ó gbé gbogbo ìtàn wọ̀nyí rìn. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé tí Wándé Abímbọ́lá kọ lórí lítíréṣọ̀ Ifá ní 1976 yóò rántí pé àwọn baba wa ka ẹsẹ̀ mọ́ àwọn ohun tí ó ń mú àyànmọ́ ẹ̀dá ṣẹ. Orí lè dára, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ tí kò gbé e, orí kò ní dé ibi tí ó ń lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni kókó tí ó máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, ní oríkèé ìdí àtàǹpàkò. N kò sọ ti kókósẹ̀ o. Oríkèé tí ó so ẹsẹ̀ mọ́ ojúgun nìyẹn. Èyí tí mo ń wí ni kókó tí a máa ń rí lẹ́sẹ̀ àwọn ìyá wa, tí àtàǹpàkò yóò tẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìka yòókù, tí ẹ̀gbẹ́ bàtà yóò sì wú níbi tí kókó náà wà. Àwọn oníṣègùn ń fi orúkọ Látìn pè é ní hallux valgus, èyí tí ó túmọ̀ sí àtàǹpàkò tí ó yà kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ mi. Èkíní, ṣé ó yẹ kí a ṣe iṣẹ́ abẹ sí i? Èkejì, bí ó bá yẹ, nígbà wo?

Èrò tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́yìn nìyí. Láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti dojú kọ kókó yìí, ohun tí wọ́n rò pé àìsàn náà jẹ́ ni ó ń darí ọwọ́ wọn. Ìgbàkigbà tí èrò bá yí padà, abẹ náà a yí padà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan kò yí padà rárá, òun náà ni ìrora ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ àti bí ó ṣe ń rìn sí. Nítorí náà, ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ ni ó ni àkókò.

2. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀

Kí a tó bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń pìtàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé egungun tuntun ni ó hù sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, bí ìgbà tí kókó bá yọ lára igi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun gígùn kan wà nínú ẹsẹ̀ tí ó gbé àtàǹpàkò dúró. Nínú àìsàn yìí, egungun náà a máa yà díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìhà ibi tí ẹsẹ̀ kejì wà, nígbà tí àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ ń yà lọ sí òdìkejì, sọ́dọ̀ àwọn ìka kéékèèké. Orí egungun gígùn yìí ni ó ń ti awọ jáde tí a fi ń rí kókó. Àpò omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín egungun àti awọ a sì wú, a pọ́n, a sì gbóná, nígbà tí bàtà bá ń ha á.

Iṣan ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Ẹ wo ọrun ọdẹ. Bí igi ọrun bá ti tẹ̀, ọsán rẹ̀ a gba ọ̀nà àbùjá láti orí kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣan àtàǹpàkò. Nígbà tí oríkèé bá ti tẹ̀, iṣan náà kò gba àárín rẹ̀ kọjá mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà, gbogbo ìgbésẹ̀ ni ó sì fi ń fa ìka náà sí i. Ìdí nìyí tí kókó yìí kì í fi í padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, tí kò sì sí ìpara tàbí ìdè òru tí ó lè tún egungun náà tò.

Àwọn oníṣègùn a máa fi díígírì wọn ìtẹ̀ náà lórí àwòrán X-ray. Bí ìtẹ̀ àtàǹpàkò kò bá tó 15, wọ́n kà á sí ohun tí ó bá ara mu. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kà á sí àìsàn. Àmọ́ ìwọ̀n yìí kì í ṣe ìwọ̀n ìrora. Àwọn kan wà tí ìka wọn tẹ̀ gidigidi tí wọ́n sì ń rìn láìmọ ohun kan lára. Àwọn mìíràn sì wà tí ìtẹ̀ tiwọn kò tó nǹkan tí wọn kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ìpinnu yóò dúró lé ní ìgbẹ̀yìn.

Àìsàn yìí kò ṣọ̀wọ́n. Ní 2010, Nix àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia kó ọ̀pọ̀ ìwádìí láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 àti 65, bí 23 ni ó ní i. Nínú àwọn tí ó ti kọjá ọdún 65, wọ́n ju 35 lọ nínú 100. Àwọn obìnrin tí ó ní i ju ìlọ́po méjì àwọn ọkùnrin lọ.

3. Ohun tí ilẹ̀ Cambridge fi pa mọ́

Láti ìgbà wo ni ènìyàn ti ní kókó yìí? Ìwé àtijọ́ kò sọ púpọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n egungun kì í purọ́. Ní 2021, Jenna Dittmar, Piers Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde lórí egungun òkú 177 tí a hú láti ibi ìsìnkú mẹ́rin ní ìlú Cambridge àti agbègbè rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn tí a sin láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹtàlá, 6 péré nínú 100 ni ó ní àmì àìsàn yìí. Nínú àwọn tí a sin ní ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, iye náà fò sókè di 27 nínú 100.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì? Bàtà ni ó yí padà. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá ni oge bàtà onímú ṣóńṣó gba ilẹ̀ Yúróòpù kan. Bí ipò ènìyàn bá ṣe ga tó ni imú bàtà rẹ̀ ń gùn tó, ó sì le débi pé ní 1463, ní ayé Ọba Edward Kẹrin, a ṣòfin láti dín gígùn imú bàtà kù. Egungun Cambridge sì fi hàn kedere ẹni tí oge náà mú. Ní ibi ìsìnkú àwọn ará oko, 3 nínú 100 ni ó ní kókó náà. Ní ti àwọn mẹ̀kúnnù ìlú, 10. Ní ti ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn àti aláìní, 23. Ṣùgbọ́n ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ti ẹgbẹ́ Augustine, níbi tí a ti sin àwọn ọlọ́lá ìlú náà sí, 43 ni. Bẹ́ẹ̀, ìjọ ti ka bàtà onímú ṣóńṣó léèwọ̀ fún àwọn àlùfáà láti 1215. Òfin wà nínú ìwé, ẹ̀rí sì wà nínú egungun. Àwa òpìtàn mọ èyí tí ó yẹ kí a gbà gbọ́.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìwádìí náà tí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Àwọn tí ó ní kókó yìí, pàápàá àwọn tí ó ti kọjá ọdún 45 kí wọ́n tó kú, ní àpá egungun tí ó ṣẹ́ nítorí ìṣubú ju àwọn tí kò ní i lọ. Èyí fi yé wa pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ẹsẹ̀ tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò ti ilẹ̀ dáadáa mọ́ lè gbé olówó rẹ̀ ṣubú.

Àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀sùn kan bàtà ní gbangba nígbà tí ó yá. Ní 1781, Petrus Camper, onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Holland, kọ ìwé lórí irú bàtà tí ó dára jù fún ènìyàn. Ní àkókò náà, ọ̀kan náà ni ọ̀pọ̀ bàtà tọ̀tún àti tòsì. Ẹsẹ̀ ni ó ń fi ara rẹ̀ mọ bàtà, kì í ṣe bàtà ni ó ń mọ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1850, Hermann von Meyer ní Zurich fi ìmọ̀ egungun ṣàlàyé pé ó yẹ kí àtàǹpàkò wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú gìgísẹ̀, kí aránbàtà sì fi ìlà yẹn gé awọ rẹ̀. Báyìí ni èrò àkọ́kọ́ ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ bàtà ni kókó náà. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá sì jẹ́ ti bàtà, bàtà ni a ó tún ṣe, kì í ṣe ẹsẹ̀.

4. Ẹsẹ̀ tí kò mọ bàtà

Ọ̀nà tí ó dára láti dán èrò yìí wò ni kí a wo ẹsẹ̀ àwọn tí kì í wọ bàtà. Ní 1958, Lam Sim-Fook àti Hodgson tẹ ìwádìí kan jáde láti Hong Kong. Wọ́n yẹ ẹsẹ̀ àwọn ará Ṣáínà wò, àwọn tí ó ń wọ bàtà ní ọ̀tọ̀, àwọn tí kì í wọ̀ ọ́ ní ọ̀tọ̀. Nínú 100 àwọn tí ó ń wọ bàtà, 33 ni ó ní kókó yìí. Nínú 100 àwọn tí kì í wọ̀ ọ́, wọn kò pé 2. Ọdún mẹ́ta ṣáájú èyí, ní 1955, Barnicot àti Hardy ti gbé ìwádìí jáde lórí bí àtàǹpàkò àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe dúró, wọ́n sì fi í wé ti àwọn ará Yúróòpù. Ìka ẹsẹ̀ tiwa kò tẹ̀ tó tiwọn, ìyàtọ̀ náà sì hàn jù lọ lára àwọn obìnrin.

Èyí kò ní ya ẹni tí ó mọ ìtàn wíwọ bàtà nílẹ̀ Yorùbá lẹ́nu. Bàtà kì í ṣe àjèjì láàárín wa: ọba ń wọ bàtà ìlẹ̀kẹ̀, àwọn oníṣọ̀nà awọ sì ń rán sálúbàtà. Ṣùgbọ́n sálúbàtà ṣí sílẹ̀ níwájú, ìka ẹsẹ̀ sì ní àyè láti nà. Bàtà òyìnbó tí ó bo ìka mọ́lẹ̀ tí ó sì fún un pọ̀ di ohun ọlá nígbà tí àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ilé ìwé, ilé ìsìn àti iṣẹ́ ìjọba sì tẹ̀ lé e. Bàtà gogoro tí àwọn obìnrin ń wọ̀ dé lẹ́yìn náà, ó sì ń ti gbogbo ara síwájú lé orí ìka.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a yára dájọ́. Àwọn tí kò tó 2 nínú 100 ní Hong Kong kò wọ bàtà, kókó sì yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Àwa náà mọ àwọn ìyá arúgbó lóko tí wọn kò fi ẹsẹ̀ bọ bàtà kan títí tí wọ́n fi dàgbà, tí kókó yìí sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìdí mìíràn ni ìdílé. Ìwádìí tí a ṣe láàárín àwọn ará Framingham ní Amẹ́ríkà, tí a sì tẹ̀ jáde ní 2013, fi hàn pé àìsàn yìí máa ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sí ọwọ́ ọmọ gan-an ni. Kì í ṣe kókó gan-an ni a ń jogún, bí kò ṣe irú ẹsẹ̀ tí kókó máa ń yọ sí: oríkèé tí ó dẹ̀, egungun tí ìdúró rẹ̀ kò le. Bàtà a wá parí iṣẹ́ tí ìdílé bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ẹni tí ó bá yí bàtà padà lè dín ìrora kù, ṣùgbọ́n kò lè yí ìdílé padà. Ẹni tí ó bá sì gé kókó náà kò tíì gé ìdí rẹ̀.

5. Abẹ láti ìgbà Hueter

Kí ni a ń ṣe sí kókó yìí kí iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀? Ìwé tí Lewis Durlacher, ẹni tí ó ń tọ́jú ẹsẹ̀ Ọbabìnrin Victoria, kọ ní 1845 jẹ́ kí a mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú ẹsẹ̀ jẹ́ ní London nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti la oríkèé ẹsẹ̀ nígbà tí kò sí oògùn tí ń kun ènìyàn lóorun, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí ń mú ọgbẹ́ kẹ̀, ewu ńlá ni. Ìpinnu kò ṣòro nígbà yẹn: ẹni tí ó bá fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ a fara da kókó rẹ̀.

Ohun méjì ni ó yí èyí padà. Ní 1846, wọ́n fi oògùn oorun ṣe iṣẹ́ abẹ ní gbangba ní ìlú Boston. Ní 1867, Joseph Lister kọ̀wé nípa bí a ṣe lè fi oògùn apakòkòrò dáàbò bo ọgbẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohun tí a kò lè ṣe tẹ́lẹ̀ di ohun tí a lè ṣe, láìpẹ́ ó sì di ohun tí a ń ṣe.

Ní àárín ọdún 1870 sí 1880, Carl Hueter ní Jámánì fún àìsàn náà ní orúkọ Látìn tí ó ń jẹ́ títí di òní. Ìwòsàn tirẹ̀ ni láti gé orí egungun gígùn náà kúrò pátápátá. Charles Mayo ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ jáde ní 1908. Lójú àwọn wọ̀nyí, ohun tí ó yọ síta ni àìsàn. Bí a bá mú un kúrò, àìsàn tán. Yorùbá sì ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Orí egungun yẹn ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ẹrù ara nígbà tí a bá ń gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ́ ẹ, ẹrù náà bọ́ sórí àwọn egungun ìka kéékèèké tí a kò dá fún un, ìrora sì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, ó bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀.

Ní 1904, William Keller, oníṣẹ́ abẹ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, fi orí egungun náà sílẹ̀, ó gé ìdí àtàǹpàkò fúnra rẹ̀. Ìrora a máa lọ, ṣùgbọ́n ìka a kúrú, agbára rẹ̀ láti ti ilẹ̀ a sì dín kù. Iṣẹ́ yìí pẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ, títí tí ó fi di ohun tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn arúgbó tí ìrìn wọn kò pọ̀ mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà wà. Láti 1881 ni Jacques-Louis Reverdin ní Geneva ti gbà pé kì í ṣe pé egungun pọ̀ jù ni, bí kò ṣe pé ó wọ́. Dípò kí ó sọ ọ́ nù, ó gé e bí ẹni gé igi, ó sì tún un tò kí ó lè tọ́. Nígbà tí Röntgen rí ìtànṣán X ní 1895, ojú wá tó ohun tí ọwọ́ nìkan ń fọwọ́ bà: gbogbo ènìyàn rí i pé ìtẹ̀ ni, kì í ṣe ìhù. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pọ̀. Silver ní 1923 àti McBride ní 1928 dojú kọ iṣan àti awẹ́ tí ó di oríkèé mú. Lapidus ní 1934 ní ìdí ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn, ní oríkèé àárín ẹsẹ̀ tí ó dẹ̀, ó sì so ó pọ̀ kí ó má lè mì mọ́. Ní 1981, Austin àti Leventen ṣàlàyé ọ̀nà kan tí a fi ń gé egungun ní ìrísí lẹ́tà V, kí ó lè sún wọlé kí ó sì dúró. Lónìí, síkúrù kéékèèké ni a fi ń de egungun tí a bá gé, àwọn kan sì ń gba ojú ihò kékeré ṣe gbogbo rẹ̀.

Iye irú iṣẹ́ abẹ tí a ti kọ̀wé lé lórí fún àìsàn kan ṣoṣo yìí ju 100 lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti ju 100 lọ sí ọjà kan, ó yẹ kí arìnrìn-àjò béèrè ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí èyí tí ó bá gbogbo ẹsẹ̀ mu, kò sì sí èyí tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kókó kò ní padà.

6. Nígbà tí a gbé sùúrù lé òṣùwọ̀n

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ, abẹ ni wọ́n ń fi wé abẹ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni fi abẹ wé sùúrù. Ní Finland ni wọ́n ti ṣe é. Torkki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 209 jọ, wọ́n sì fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ kíákíá, àwọn kan gba ìtẹ́lẹ̀ bàtà tí a ṣe fún ẹsẹ̀ wọn, àwọn yòókù sì kàn dúró. A tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Ní oṣù mẹ́fà, ìrora àwọn tí ó gba iṣẹ́ abẹ àti ti àwọn tí ó gba ìtẹ́lẹ̀ bàtà ti dín kù ju ti àwọn tí ó kàn dúró lọ. Nígbà tí ọdún kan pé, iṣẹ́ abẹ ni ó borí.

Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò ní abẹ ti jàre. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí náà tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ kí àwọn tí ó dúró yan iṣẹ́ abẹ bí wọ́n bá fẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yàn án. Ìròyìn wọn ní 2003 ni pé dídúró ọdún kan kò ba àbájáde iṣẹ́ abẹ náà jẹ́. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Fún ẹni tí ìrora ń bá jà, iṣẹ́ abẹ ń ṣe iṣẹ́. Fún ẹni tí kò tíì dá a lójú, àkókò kò tí ì sá lọ.

Ní 2004, àwọn tí ó ṣàyẹ̀wò gbogbo ìdánwò irú èyí fún Cochrane sọ ohun kẹta. Láàárín 25 sí 33 nínú 100 àwọn tí ó gba iṣẹ́ abẹ ni inú wọn kò dùn sí àbájáde rẹ̀, àní nígbà tí ìtẹ̀ ti dín kù tí ìrora sì ti rọlẹ̀. Báwo ni ẹsẹ̀ ṣe lè tọ́ kí inú má dùn? Ní èrò tèmi, ohun tí aláìsàn retí ni ó fa á. Ẹni tí ó lọ nítorí kí ó lè padà sínú bàtà tóóró kò lọ nítorí ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó lọ kí ó lè rìn dé ọjà.

7. Nígbà wo?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Mo ní kókó náà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún; ìyá mi ní i lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Oníṣègùn kan gbà mí níyànjú pé kí n tètè ṣe é kí ó tó di ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi kan sì búra fún mi pé ẹni tí ó bá gé àtàǹpàkò kò ní rìn dáadáa mọ́ láéláé. Nígbà tí mo fi ojú òpìtàn wo ìmọ̀ràn méjèèjì, mo rí i pé ìtàn ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu wọn. Ìkánjú oníṣègùn náà wá láti ìgbà tí a ka kókó sí ìhù tí a gbọ́dọ̀ ké kí ó tó gbilẹ̀. Ìbẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi wá láti ìgbà tí iṣẹ́ abẹ ń sọ ìka di kúkúrú àti aláìlágbára. Ọjọ́ ti lọ lórí ìmọ̀ràn méjèèjì.

Kí ni ìmọ̀ òde òní fún wa? Bí mo ti lóye rẹ̀, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀. Èkíní: ṣé ìrora náà ń dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́ àti ìrìn mi, lẹ́yìn tí mo ti wọ bàtà tí ó fẹ̀ níwájú tí kò sì ga fún oṣù mélòó kan? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, abẹ kò tíì kàn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ní Amẹ́ríkà pàápàá kò fọwọ́ sí i pé kí a gé ẹsẹ̀ nítorí ẹwà nìkan. Èkejì: ṣé àìsàn náà ti ń ba ohun mìíràn jẹ́? Bí àtàǹpàkò bá ti ń gun ìka kejì, bí awọ bá ń ya ní ojú kókó, bí ènìyàn bá ti ń kọsẹ̀, sùúrù ti ń di àìbìkítà. Ẹ rántí àwọn òkú Cambridge.

Ẹ̀kẹta: ṣé ara mi lè gbé e? Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí kò tíì wá ojútùú sí i, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dáadáa dé ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ẹni tí ó ń mu sìgá, wọ́n ní láti tún ìyẹn ṣe ná, nítorí ọgbẹ́ àti egungun wọn kì í tètè jinná. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà ni, ó sàn kí òbí ní sùúrù, torí pé kókó ọmọdé a máa padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ju ti àgbà lọ.

Ẹ̀kẹrin, ta ni yóò rọ́pò ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo bá ń sinmi? Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ènìyàn yóò fi wọ bàtà ilé ìwòsàn tí kò jẹ́ kí iwájú ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Wíwú ẹsẹ̀ lè tó oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn ó lè tó ọdún. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò sí wíwa ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ìyá tí ó ń dúró ta ọjà kò gbọdọ̀ yan oṣù ọdún Kérésì. Àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ yan àkókò òjò àkọ́rọ̀. Olùkọ́ lè dúró de ìsinmi gígùn. Èyí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń pinnu ìgbà fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìwádìí Finland sì ti fún wa ní àyè láti yàn: bí a bá sún un síwájú nítorí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, a kò fi ìwòsàn ṣòfò.

Ní tèmi, mo ṣì ń rin ìrìn àárọ̀ mi nínú bàtà tí ó fẹ̀, ìka kejì kò tíì kúrò ní ipò rẹ̀, ìrora kì í sì í kọjá alẹ́ ọjọ́ tí mo bá dúró pẹ́ ju. Nítorí náà n kò tíì lọ. Kì í ṣe pé mo kọ abẹ. Ọjọ́ tí n kò bá lè rin ìrìn yẹn mọ́, tàbí tí ìka kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, n óò lọ ní ìsinmi gígùn tí ó bá tẹ̀ lé e. N óò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò ṣe é: irú èwo nínú àwọn ọ̀nà tí ó ju 100 lọ ni ó fẹ́ lò, kí ni ó rí nínú ẹsẹ̀ mi tí ó fi yàn án, kí sì ni yóò ṣe bí kókó náà bá padà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ. Egungun Cambridge sọ fún wa pé bàtà lè dá kókó yìí sílẹ̀ láàárín odindi ìlú. Ẹsẹ̀ àwọn aláìwọbàtà sọ fún wa pé bàtà nìkan kọ́. Hueter gé orí egungun, Keller gé ìdí ìka, Reverdin tún egungun tò, Lapidus so oríkèé pọ̀; èrò oníkálukú nípa àìsàn náà ni ó darí abẹ rẹ̀. Nígbà tí a wá gbé abẹ àti sùúrù lé òṣùwọ̀n kan náà, a rí i pé abẹ níye lórí fún ẹni tí ó ń jẹ̀rora, sùúrù kò sì ba nǹkan kan jẹ́ fún ẹni tí kò tíì dá lójú.

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kí a gbé ọ̀rọ̀ tì. Ẹ̀sọ̀ ni kí ènìyàn mọ ohun tí ó ń dúró dè. Ẹni tí ó mọ àmì tí yóò rí tí yóò fi dìde kò fi àkókò ṣòfò, bí ó tilẹ̀ jókòó fún ọdún mẹ́wàá. Bí ẹnìkan bá sì ń fi ìrora rìn lójoojúmọ́ kìkì nítorí ohun tí ó gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ ayé àtijọ́, ó yẹ kí a sọ fún un pé ayé ti yí.